Bí Mo Ṣe Yẹ Àwọn Ìbọn Àtijọ́ Ilé Wa Wò Kí A Tó Pín Ogún

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìbọn àtijọ́, abẹ́ ọ̀pá rẹ̀, ìyẹn irin gígùn tí ọta ń gbà jáde, ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òkè ni wọ́n máa ń kọ orúkọ sí, òkè ni wọ́n máa ń fín ajá àti pẹ́pẹ́yẹ sí, òkè náà sì ni irọ́ máa ń wà. Òǹtẹ̀ tí ilé ìdánwò ìbọn bá tẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, níbi tí igi ti bò ó mọ́lẹ̀, ẹnu oníṣòwò kò lè yí i padà.

Iṣẹ́ tí ẹbí wa ní Ìsánlú gbé lé mi lọ́wọ́ lẹ́yìn ìsìnkú bàbá àgbà wa ló kọ́ mi. Ọdẹ ni bàbá, wọ́n tún jẹ́ àgbẹ̀. Oko kajú àti ilé tí wọ́n fi sílẹ̀ kò dá wàhálà kankan sílẹ̀. Ìbọn mẹ́rin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká: ṣakabùlà kan, ìbọn ẹlẹ́nu kan méjì, àti ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan tó ní òòlù méjì lẹ́yìn, tí wọ́n fín ọnà sí gbogbo ara rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Ìtàn tí a bá nílé ni pé òyìnbó kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kábbà ló fi ta bàbá tó bí bàbá àgbà wa lọ́rẹ. Àbúrò bàbá mi kan tó ń gbé Èkó wá rí i lórí fóònù pé wọ́n ta ìbọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan ní gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù, owó tí wọ́n sì tà á tó kọ́ ilé. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó ń béèrè oko kajú mọ́.

Èmi ni wọ́n ní kí n lọ yẹ̀ wọ́n wò, nítorí mo ti ṣiṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ léètì tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin ní Àjàòkúta, mo sì ní kálípà tèmi, ohun èlò tí a fi ń wọn ìwọ̀n ihò àti irin. Èmi kì í ṣe ọdẹ. Mo rò pé ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí ọdẹ tó bá ti fẹ́ràn ìbọn kan, ó ṣòro kó tó rí àléébù rẹ̀.

Ìbọn náà kò sí nílé mọ́ nígbà yẹn. Orúkọ bàbá ló wà lórí ìwé àṣẹ wọn, a kì í sì í jogún ìwé àṣẹ bí ẹni jogún ilẹ̀. Bàbá Olórí Ẹbí ti kó gbogbo wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn. Mo kí wọn fún ìyẹn, nítorí òfin ìbọn tí wọ́n ṣe ní 1959 ló ṣì wà nílẹ̀ lórílẹ̀-èdè yìí, kò sì gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa tọ́jú ìbọn ẹlòmíràn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀nà mẹ́ta ni òfin náà pín ìbọn sí. Èkíní ni èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fúnra rẹ̀ fún un láṣẹ, bí ìbọn ológun àti ìbọn ìléwọ́. Èkejì ni ìbọn aládàáni, níbi tí ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan àti ẹlẹ́nu méjì wà; ọwọ́ ọlọ́pàá ni àṣẹ rẹ̀ ti ń jáde. Ẹ̀kẹta ni ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu, ìyẹn ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa, láti Yàgbà títí dé Ìjùmú, ló rò pé ṣakabùlà kò nílò ìwé. Ó nílò rẹ̀.

A kọ lẹ́tà sí àgọ́ náà pé a fẹ́ yẹ ìbọn wò nítorí pínpín ogún. Wọ́n gbà, wọ́n ní ìbọn kò ní jáde, ọta kò ní wọlé, a kò sì gbọdọ̀ ya fọ́tò. Mo kó kálípà, téépù, tọ́ọ̀ṣì kékeré, awò tó ń mú nǹkan tóbi, àkísà funfun, òróró díẹ̀, pẹ́ńsùlù àti bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bébà yẹn ló gbà mí. Tí a bá tẹ́ ẹ lé òǹtẹ̀ tó wà lára irin, tí a wá fi ẹ̀gbẹ́ pẹ́ńsùlù pa á lórí jẹ́jẹ́, gbogbo ìlà òǹtẹ̀ náà á jáde sórí bébà, kódà èyí tí ojú lásán kò rí.

Ọlọ́pàá obìnrin kan ló ń tọ́jú yàrá ìbọn náà.

"Okun o, mà," ni mo kí wọn, bí a ṣe ń kí ara wa lágbègbè wa.

"Okun. Ọmọ ibo ni yín?"

Mo ní ọmọ Ìsánlú ni mí. Wọ́n ní ọmọ Mọ̀pà làwọn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí n ó fi ṣí i. Ọ̀pọ̀ ìbọn tí àwọn ènìyàn ń sọ pé òfìfo ni, mo ti bá ọta nínú wọn."

Ṣakabùlà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sórí tábìlì. A kò lè ṣẹ́ ẹ sí méjì ká yọjú wo inú rẹ̀, nítorí náà Màdáámù mú ọ̀pá tí wọ́n fi ń ki í, wọ́n tì í wọnú ìbọn títí ó fi dúró, wọ́n fi ìka di ibi tí ẹnu ìbọn dé lára ọ̀pá náà, wọ́n fà á yọ, wọ́n wá tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìbọn lóde. Bí orí ọ̀pá bá dé ibi ihò tí iná ń gbà wọlé, inú ìbọn ṣófo. Bí kò bá dé ibẹ̀, ẹ̀tù àti ọta ṣì wà ní ìsàlẹ̀, ó lè jẹ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn. Tiwa ṣófo. Ẹ̀yin tí ìbọn bàbá yín ṣì wà lókè àjà, ẹ má dán èyí wò fúnra yín o. Ẹ pe àwọn tí iṣẹ́ wọn ni.

Lára irin tó gbé òkúta ìṣáná rẹ̀, mo rí adé kan àti ọ̀rọ̀ TOWER. Ilé ìṣọ́ ńlá Lọ́ńdọ̀nù tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ìbọn ọmọ ogun sí láyé àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n àwọn oníbọn ìlú Birmingham ní Gẹ̀ẹ́sì rí i pé àwọn oníbàárà ní etíkun Áfíríkà fẹ́ràn àmì yẹn, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sára ìbọn òwò tí ọmọ ogun kankan kò rí rí. Nígbà tí mo wo ọ̀pá ìbọn náà fúnra rẹ̀, n kò rí òǹtẹ̀ ìdánwò kankan, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ sì hàn gbangba. Alágbẹ̀dẹ ìlú wa kan ló ṣe ọ̀pá, ó wá so ó mọ́ irin àtijọ́ náà. Ìbọn méjì ló di ọ̀kan.

Èyí tí mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ ilé wa mọ̀ nípa ṣakabùlà ni ìdí tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan ní Brussels ní 1890. Wọ́n fa ìlà sórí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, láti ìlà ìbú 20 ní àríwá ìlà agbedeméjì ayé dé ìlà 22 ní gúúsù rẹ̀, wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ kó ìbọn ìgbàlódé wọ àárín rẹ̀ fún aráàlú. Ìbọn olókùúta tí kò ní ìlà yíyí nínú ọ̀pá, àti ẹ̀tù lásán, ni wọ́n fi sílẹ̀ fún òwò. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ní ìlú òyìnbó ń ṣe ìbọn tó ń gba kátíríìjì (ọta àti ẹ̀tù tí wọ́n dì pọ̀ sínú ike tàbí páálí kan) láti ẹ̀yìn, èyí tí àwọn ọmọ ogun wọn ti jù sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ni wọ́n ṣì ń rọ fún wa.

Ìbọn ẹlẹ́nu kan àkọ́kọ́ kò gba àkókò. Àwọn lẹ́tà Rọ́ṣíà wà lára rẹ̀, orúkọ Baikal, irú ìbọn Rọ́ṣíà kan, sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú "Made in USSR", ìyẹn ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Ìlú Izhevsk ni wọ́n ti ń ṣe é. Níwọ̀n bí USSR ti túká ní ìparí 1991, ìbọn náà kò lè jẹ́ tuntun ju ìyẹn lọ. Nọ́ńbà 12 àti 70 wà lára rẹ̀; a óò dé orí 70 yẹn láìpẹ́. Inú ọ̀pá rẹ̀ ń dán. Ìbọn tó lágbára ni, kò lẹ́wà, kò ṣọ̀wọ́n. Àwọn tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ kò ní wò ó lẹ́ẹ̀kejì, ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ yóò sì rà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ìkejì ni bàbá ń gbé lọ sóko lójoojúmọ́. Igi ìdí rẹ̀ ti họ, àwọ̀ ọ̀pá rẹ̀ ti ṣí, kò sí ọnà kankan lára rẹ̀. Nígbà tí mo ń ka ìbọn nílé, ẹnìkan tilẹ̀ sọ pé, "Èyí ńkọ́? Ẹ fi í kún ti Rọ́ṣíà." Irin gígùn kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń fà sísàlẹ̀; bí wọ́n bá fà á, bùlọ́ọ̀kù irin inú rẹ̀ á wálẹ̀, ihò kátíríìjì á sì ṣí. Ẹni tó bá ti rí àwòrán ìbọn Martini-Henry tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń lò láti 1871 yóò mọ ọ̀nà náà. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, lábẹ́ ìdọ̀tí tí mo fi òróró àti àkísà nù kúrò, orúkọ oníbọn kan, W. W. Greener, Birmingham, jáde. Ìbọn tí wọ́n ń pè ní GP, ìyẹn General Purpose, ni, wọ́n gbé ọ̀nà Martini wọnú rẹ̀ fún àgbẹ̀ àti ọdẹ lásán lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní.

N kò tíì gba orúkọ yẹn gbọ́. Mo bẹ Màdáámù pé kí wọ́n jẹ́ ká wo abẹ́ ọ̀pá. Adé wà níbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà BNP, nọ́ńbà 12, .729", 2¾", àti 3¼ TONS. Ẹ jẹ́ kí n túmọ̀ wọn, nítorí lára ìlà kékeré yìí ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà.

BNP lábẹ́ adé jẹ́ ti ilé ìdánwò ìbọn Birmingham, tí òfin ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1813. Iṣẹ́ ilé náà ni láti yin kátíríìjì tó le ju ti ìgbà gbogbo lọ nínú gbogbo ìbọn kí wọ́n tó tà á. Èyí tó bá bẹ́, ó bẹ́ lọ́dọ̀ wọn, kò bẹ́ lójú ọdẹ. N inú rẹ̀ ń sọ fún wa pé ẹ̀tù ìgbàlódé tí kì í rú èéfín ni wọ́n fi dán an wò. 12 ni ìwọ̀n ẹnu rẹ̀: bí a bá pín pọ́n-ùn òjé kan sí ọta róbótó méjìlá tó dọ́gba, ọ̀kan nínú wọn ló máa wọ inú ọ̀pá náà ṣinṣin. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà 16 àti 20 fi kéré ju 12 lọ, kì í ṣe pé wọ́n tóbi jù ú. .729 íǹṣì ni ìwọ̀n inú ọ̀pá, ìyẹn mìlímítà 18.5. 2¾ íǹṣì ni gígùn ihò kátíríìjì, òun náà ni 70 tí Rọ́ṣíà kọ ní mìlímítà. TONS ni agbára tí ìbọn lè gbà, 1954 ni àwọn ilé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ báyẹn. Ìbọn náà kò lè dàgbà ju 1954 lọ. Nínú àpótí bàbá, ìwé àṣẹ tó pẹ́ jù tí a rí fún nọ́ńbà ìbọn yìí jẹ́ ti 1962. Òǹtẹ̀ dí i mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ìwé dí i mọ́ ẹ̀gbẹ́ kejì: láàárín ọdún mẹ́jọ yẹn ni wọ́n ṣe é. Èyí dára ju ìtàn lọ.

Mo ki ẹnu kálípà bọ ẹnu ìbọn náà: mìlímítà 17.5. Inú ọ̀pá jẹ́ 18.5, ẹnu rẹ̀ wá fún sí 17.5. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn, kí ọta wẹ́wẹ́ lè kó ara jọ kó tó dé ara ẹtu tó jìnnà. Ó túmọ̀ sí pé wọn kò gé ọ̀pá náà rí. Mo tan tọ́ọ̀ṣì wọ inú rẹ̀, mo rí ìpẹtà díẹ̀ nítòsí ihò kátíríìjì, ìyókù mọ́lẹ̀ roro. Bàbá ń nu ìbọn wọn. Igi ìdí tó họ yẹn kò dín nǹkan kan kù lára ohun tó ṣe pàtàkì.

Ó wá ku ìbọn olóòlù méjì.

Ó lẹ́wà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ajá kan ń lé ẹyẹ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹyẹ méjì ń fò ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ewéko sì yí wọn ká. Ọ̀pá méjèèjì ní ìlà tó ń lọ yípo yípo bí irun tí wọ́n ta. Irin líle àti irin rírọ̀ ni alágbẹ̀dẹ ló pọ̀, ó wá wé e mọ́ ọ̀pá gígùn, ó lù ú títí ó fi di ọ̀kan. Damascus ni àwọn oníbọn ń pè é. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé bébà ni wọ́n fi tẹ àwòrán ìlà náà sára irin lásán láti tan oníbàárà jẹ, nítorí náà mo wo abẹ́ igi, níbi tí ẹni tó fẹ́ tan ni jẹ kì í ṣe làálàá dé. Ìlà náà dé ibẹ̀. Ojúlówó ni.

Lórí ọ̀pá, láàárín méjèèjì, wọ́n kọ W. RICHARDS. Orúkọ yìí ni àbúrò bàbá mi rí tó lọ wá a kiri lórí fóònù. Ohun tó rí ni Westley Richards, ilé iṣẹ́ ńlá Birmingham tí Anson àti Deeley ti ṣe ìbọn aláìlóòlù tó lókìkí ní 1875. Ìbọn wọn máa ń wọ́n gan-an lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Westley Richards kì í kọ W. Richards. Àwọn oníṣòwò kan ní Bẹ́ljíọ̀mù ló ń kọ orúkọ tó jọ ti Gẹ̀ẹ́sì sára ìbọn olówó pọ́ọ́kú, kí ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ohun kan náà ni.

Màdáámù yọ igi iwájú, wọ́n ṣẹ́ ìbọn, wọ́n yọ ọ̀pá lọ́wọ́ ìdí rẹ̀. Mo tẹ́ bébà lé abẹ́ rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ jáde ni dáyámọ́ńdì kékeré pẹ̀lú 12 àti C nínú rẹ̀. Èyí kò sọ nǹkan kan fún wa, nítorí Birmingham àti Liège, ìlú àwọn oníbọn ní Bẹ́ljíọ̀mù, ló jọ ń lo irú rẹ̀ nígbà kan. Lẹ́yìn náà ni àmì róbótó tó gùn díẹ̀ jáde: E, L, G, ìràwọ̀ kan nísàlẹ̀, adé kan lókè. Ilé ìdánwò Liège nìyẹn. Adé orí rẹ̀ ṣe kókó, nítorí 1893 ni wọ́n fi í kún un. Ìbọn náà kò lè ṣáájú ọdún yẹn. Ìràwọ̀ míràn wà lórí lẹ́tà kan, àmì ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìdánwò. Kìnnìún pẹ̀lú lẹ́tà PV, tí Liège ń tẹ̀ sára ìbọn tí wọ́n fi ẹ̀tù aláìléèéfín dán wò, ni mo wá títí, n kò rí i. Ẹ̀tù dúdú ni ìbọn yìí mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà kan dá mi dúró. Wọ́n tẹ 18.2 sára ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì tẹ CHOKE 17.2 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ni pé nígbà tí ìbọn kúrò ní Liège, inú rẹ̀ jẹ́ 18.2, ẹnu rẹ̀ fún sí 17.2. Mo ki kálípà bọ ẹnu rẹ̀. 18.2. Mo ki í bọ ìkejì. 18.2. Mo wọn gígùn ọ̀pá, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 66, nígbà tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 71 tàbí 76. Mo wá wo àárín ẹnu méjèèjì. Ó yẹ kí ọ̀pá méjì kanra wọn níbẹ̀, àmọ́ àlàfo wà láàárín wọn, ẹnìkan sì ti da òjé dí i. Wọ́n ti gé ẹnu ìbọn náà kúrò. Bóyá ó bẹ́ lẹ́nu nígbà kan, bóyá wọ́n fẹ́ kó kúrú kó lè wọ inú igbó. Apá tí àwọn ará Liège ṣe làálàá lé lórí jù ti dànù.

Mo so ọ̀pá náà rọ̀ sórí okùn, mo fi èékánná kàn án. Ọ̀pá tí ara rẹ̀ pé máa ń dún gooro. Tiwa dún gbì. Irin tó so ọ̀pá méjèèjì pọ̀ ti ń tú ní ibì kan. Nígbà tí Màdáámù dá a padà sórí ìdí rẹ̀ láìfi igi iwájú sí i, mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, mo sì rí ìmọ́lẹ̀ láàárín ẹ̀yìn ọ̀pá àti irin tó yẹ kó tì í mọ́lẹ̀. Ìdè ibi tí ìbọn ti ń ṣẹ́ sí méjì ti jẹ.

Awọ tún wà lọ́rùn igi ìdí rẹ̀, tí wọ́n wé ṣinṣin, tó ti gbẹ bí eegun. Nílé, oògùn ni gbogbo wa mọ̀ ọ́n sí, kò sí ọmọdé tó jẹ́ fọwọ́ kàn án. Mo pe Bàbá Olórí Ẹbí lórí fóònù, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ṣé mo lè tú awọ ọrùn ìbọn yìí?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Kí lo fẹ́ wá níbẹ̀?"

"Mo fẹ́ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni."

"Igi tó ṣẹ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ojú mi ni bàbá mi ṣe wé awọ ẹfọ̀n tútù mọ́ ọn, tí wọ́n sá a sóòrùn títí ó fi fún. Ta ló sọ pé oògùn ni?"

N kò tú u. Ọ̀rọ̀ wọn tó.

Ó ku ọ̀rọ̀ 70 tí mo fi sílẹ̀. Ihò kátíríìjì ìbọn olóòlù yìí jẹ́ 65. Kátíríìjì tí wọ́n ń tà káàkiri lóde òní, 70 ni púpọ̀ nínú wọn. Ọdẹ á sọ pé, "Ó wọlé, ìbọn sì pa dé, kí ló tún kù?" Ohun tó kù ni pé nọ́ńbà 70 yẹn jẹ́ gígùn kátíríìjì lẹ́yìn tó bá ti yìn. Kó tó yìn, wọ́n ká ẹnu rẹ̀ wọnú, ó kúrú, nítorí náà ó máa ń wọ ihò 65 láìjà. Ìgbà tí iná bá gbà á ni ẹnu rẹ̀ fẹ́ ṣí, tí kò ní rí àyè, tí ọta òun ẹ̀fúùfù gbígbóná á sì máa fún ara wọn kọjá lójú ibi tó há. Ẹ fi ẹ̀tù ìgbàlódé kún un, nínú ọ̀pá lílọ́ tó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ dáadáa. Mo kọ ọ́ sórí bébà mi ní lẹ́tà gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yin ìbọn yìí mọ́ láé.

Nígbà tí ó kan iye owó, mo pinnu pé n kò ní kọ náírà kankan. Iye tí ìbọn ń lọ ní gbàǹjo ní Gẹ̀ẹ́sì wà fún ẹni tó bá fẹ́ kà á, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n tà á gan-an ni kí ẹ kà, ẹ fi iye tí ẹni tó ń tà ń béèrè sílẹ̀. Ẹni tó bá ka èyí tí wọ́n tà yóò rí i pé ìbọn àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Lọ́ńdọ̀nù bíi Purdey tàbí Holland & Holland ló ń gbé owó ilé wá; àwọn olóòlù Liège tí orúkọ wọn jọ ti ẹlòmíràn, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lọ, ara ògiri ni wọ́n sì ń gbé wọn kọ́. Owó Gẹ̀ẹ́sì yẹn pàápàá kò lè dé Ìsánlú. Ta ni yóò gbé ìbọn wọ bàálù? Níbí, ẹni tí òfin gbà láyè nìkan ló lè rà á, lójú ọlọ́pàá, ìbọn tí kò sì ní ìwé kò ní iye kankan lójú òfin, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Ìwọ̀n ni mo lò, kí wọ́n lè fi pín ogún. Mo ní bí gbogbo ìbọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ́ mẹ́wàá, Greener gba mẹ́fà, Baikal gba mẹ́ta, olóòlù méjì gba ọ̀kan. Ṣakabùlà kò gba nǹkan kan níbi owó. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ pẹ̀lú ìtàn rẹ̀. Mo kọ ìdí mi sábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, mo sì lẹ bébà òǹtẹ̀ mọ́ ọn kí ẹni tó bá fẹ́ jiyàn lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Àbúrò bàbá mi jiyàn. Ó ní kí wọ́n gbé ìbọn olóòlù fún alágbẹ̀dẹ kan ní Kábbà kó kun ún, kó fi iná jó àlàfo rẹ̀, kó dán gbinrin, owó á gorí rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìdàkejì ni. Àwọ̀ àtijọ́ tó ṣì wà lára irin àti igi ni àwọn tó mọ ìbọn ń sanwó fún. Bí wọ́n bá ti fi bébà oníyanrìn ha á, tí wọ́n tún un kùn, ọjọ́ orí rẹ̀ lọ nìyẹn. Iná alágbẹ̀dẹ yóò sì tú ìyókù òjé tó di ọ̀pá méjèèjì mú. Ó ní, "Ìtàn òyìnbó Kábbà wá jẹ́ irọ́ nìyẹn?" Mo ní n kò sọ bẹ́ẹ̀. Òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba náà lè ra ìbọn Bẹ́ljíọ̀mù, owó oṣù ni òun náà ń gbà.

Ìpàdé ẹbí kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣọdẹ ni wọ́n fún ní Greener, ó sì fi apá kan nínú oko kajú rẹ̀ dí i fún àwọn yòókù. Baikal yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní àṣẹ láti ta ìbọn, wọn yóò pín owó rẹ̀. Ìbọn olóòlù àti ṣakabùlà ṣì wà ní àgọ́ títí wọn yóò fi gba àṣẹ tó yẹ tàbí kí wọ́n fà wọ́n lé ìjọba lọ́wọ́ pátápátá. Bàbá Olórí Ẹbí ló máa pinnu ìyẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní kí n bá òun kọ fọ́ọ̀mù ìwé àṣẹ tuntun. Níbi tí wọ́n ti béèrè irú ìbọn, mo kọ ẹlẹ́nu kan, 12, ihò 2¾ íǹṣì, W. W. Greener, Birmingham, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ bó ṣe wà lára irin gẹ́lẹ́, ó sì kó o lọ sí Lọ́kọ́ja.